Yàrá Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Kọjú sí Títì

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín. Láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ ló ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń yin ojú ẹni, àgbọ̀n ẹni ló ń wò. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú wọ inú gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà, ohun tí Kóòṣì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó rọra fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni ìlú yìí," ọkùnrin náà wí. "Bí wọ́n bá ní ká ya ìlú yìí ní fọ́tò, ojú yín la máa yà."

"Ojú mi ti wú lọ́pọ̀ ìgbà," Kóòṣì dáhùn. "Ti ìgbà wo lẹ fẹ́ yà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà ti bú sẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ẹlẹ́rìn-ín ni Kóòṣì ń pè é nínú ọkàn rẹ̀. Ohun tó tún ṣe é ní kàyéfì ni èjìká ọkùnrin náà. Kò mira rárá. Ó dà bíi pé wọn ò yọ háńgà kúrò nínú kóòtù náà kó tó wọ̀ ọ́.

Èjìká ni Kóòṣì fi ń mọ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: má wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ, ojú a máa parọ́, má wo ọwọ́, ọwọ́ a máa tanni, èjìká ni kí o wò, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ́ tí kì í kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Bí èjìká bá lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀ tí wọn ò fẹ́ kí o rí. Ó ti fi ẹ̀kọ́ yìí la ọ̀pọ̀ ìjà já, ó sì ti pẹ́ tó ti ń lò ó lọ́jà, ní báńkì, àti lórí àga onígbàjámọ̀.

Iṣẹ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín bá wá kò díjú. Ìlú fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kan sí àárín ìgboro. Òrùlé rẹ̀ yóò bo ibi tí gáréèjì ọkọ̀ wà, yóò sì gbé ìlà ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn gáréèjì náà mì dé orígun. Gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́ Kóòṣì wà nínú ìlà yìí. Ìlú ló ni ilẹ̀. Àwọn tó wà lórí rẹ̀ kàn ń háyà ni. Ilé-iṣẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ ìlú tó dìbò sí i, òfin ní kí wọ́n pe gbogbo ènìyàn jọ lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn, tẹnu àwọn ènìyàn kò sì dùn. Wọ́n wá ń wá ojú kan tí àdúgbò fọkàn tán, tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ògiri káàkiri, tí yóò sì dìde lọ́jọ́ náà láti sọ pé ohun rere ni.

"Kí ni tèmi níbẹ̀?" Kóòṣì béèrè.

"Kí lẹ fẹ́?"

Kóòṣì wo àyíká rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ náà di ohun tó jẹ́. Òun ló gbá a, òun ló kùn ún, òun ló sì ní kí wọ́n dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí wọ́n lu ògiri iwájú, kí ilẹ̀kùn lè kọjú sí títì. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó mọ̀nà nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé," ni obìnrin náà máa ń wí. "Ẹni tí ò mọ̀nà ni mò ń wá." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹni tó ń kọjá lọ a gbọ́ ìró ẹ̀ṣẹ́ lára àpò, a yọrí wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì yọrí jáde mọ́ títí wọ́n fi di ènìyàn. Ìgbà òjò tó kọjá ni obìnrin náà kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Ó wọlé bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, nígbà tó sì ń jáde, àwọn méjèèjì ló jọ lọ. Láti ìgbà náà ni ilé wọn ti dákẹ́. Kóòṣì àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló kù síbẹ̀, wọ́n sì ń rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó ru omi kíkún. Ọmọ yìí ni gbogbo ohun tó kù fún un láyé, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Yàrá ẹ̀ṣẹ́ kan," ó dáhùn níkẹyìn. "Nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì. Mi ò fẹ́ èyí téèyàn máa kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó débẹ̀."

"Ó ti wà níbẹ̀, bàbá! Ọmọ yín gan-an ló yà á."

Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì ètò ìlú ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé àti ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ́ bébà gbọọrọ kan sórí tábìlì ilé ìdáná, ó gbé ago tíì lé igun rẹ̀ kó má baà ká, ó sì ń fi ìka tọ́ bàbá rẹ̀ sọ́nà.

"Títì rèé, bàámi. Ẹnu ọ̀nà rèé. Fèrèsé tí wọ́n á ti máa yọjú wò yín láti ìta rèé."

Kóòṣì fi ìka tirẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, ó sì dúró díẹ̀ nínú yàrá tí kò tóbi ju èékánná lọ.

"Ìyá rẹ ì bá rí i," ó wí. Ọmọ náà rọra ká bébà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ya Kóòṣì ní fọ́tò tòun ti ìbọ̀wọ́ ìjà lọ́wọ́, wọ́n sì lẹ ojú rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri ìgboro.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Kóòṣì ló kọ́kọ́ rí àléébù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yìí kì í gba ohunkóhun gbọ́. Bí wọ́n bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, a ní ta ló rán an. Ìdajì àwọn ará ìgbìmọ̀ ìlú ló ń gẹ irun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń búra pé orí tó gún kò sí níbẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé ẹ mọ ibi tówó gbọ̀ngàn yìí ti ń bọ̀?"

"Ilé-iṣẹ́ yẹn máa mú tiẹ̀ wá. Ìlú á yá èyí tó kù."

"Ta ni ìlú?"

"Ìlú ni ìlú."

"Èmi àtẹ̀yin ni ìlú! Owó omi ni wọ́n fẹ́ fi san gbèsè yẹn. Wọ́n á máa bù lé e títí táwa méjèèjì á fi kú, àwọn ọmọ wa á sì gbà á lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ni pé gbogbo orí tí mo bá fọ̀ níbí, mo ti ra ìjókòó fún ẹnì kan kó máa wo bọ́ọ̀lù. Bí mo bá lọ ilé ìyàgbẹ́, tí mo dami sí i, ẹnì kan ti mu ọtí lórí mi!"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ẹ ti ń jọ ọ̀rẹ́ yín. Ọkọ̀ dúdú ló ní, àbí? Ó dúró síwájú ọ́fíìsì ètò ìlú lánàá. Mi ò fẹ́ sọ ẹni tó wọ̀ ọ́."

"Má sọ ọ́ nígbà náà."

"Ọmọ yín ni."

Abẹ wà lọ́rùn Kóòṣì nígbà náà, nítorí náà kò mira. Nígbà tó san owó rẹ̀ tán, ó bọ́ síta láìgba ṣéńjì.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà ń fọ abọ́. Kóòṣì jókòó sídìí tábìlì, ó fọwọ́ pa ago rẹ̀ mọ́ra.

"Yàrá wa ńkọ́?" ó béèrè, bí ẹni tó ń béèrè bóyá iyọ̀ ṣì kù.

"Mo wà lórí ẹ̀, bàámi. Ẹ má ṣèyọnu."

Èjìká rẹ̀ òsì sì lọ sílẹ̀.

Kóòṣì rí i kedere. Bó bá jẹ́ ojú ìjà ni, ì bá ti gbé ọwọ́ sókè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé tíì mì, kò sì mọ̀ bó ti gbóná tó. Ó wá rántí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya òun ní fọ́tò, ọmọ náà kò mú bébà wá sílé mọ́. Ó rántí pé bí fóònù rẹ̀ bá dún, òde ló máa ń lọ. Tẹ́lẹ̀, ó rò pé ọkọ àfẹ́sọ́nà ni, inú rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ìfura dà bí omi tó ń jò láti òrùlé: ẹni tí kò tíì rí i lè sùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kán sí ọ lára lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìró tí o bá gbọ́ nínú ilé, omi ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dúró sí òdìkejì ọ̀nà, níwájú ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn. Ibi tó sá pamọ́ sí, abẹ́ ojú ara rẹ̀ ni, nítorí wọ́n ti lẹ fọ́tò rẹ̀ kan mọ́ ògiri níbẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà wo ògiri, ó wo Kóòṣì. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

"Àbúrò mi ni."

"Ó dàgbà jù yín lọ o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má wulẹ̀ bínú."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ dúdú náà fi dé. Ọmọ rẹ̀ jáde, ó gbá àpamọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà kò ṣí kúrò. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, ọmọ náà ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ rọra gbéra, ó sì gbé e lọ. Kóòṣì ra ìwé ìròyìn kan kí obìnrin náà má baà fura sí i, ó sì gbé e délé láìkà á.

Nígbà tí ọmọ náà dé, ó bá a lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ó pẹ́ kó o tó dé."

"Iṣẹ́ ni, bàámi."

"Ẹsẹ̀ lo fi rìn?"

"Ẹnì kan gbé mi."

"Ẹnì kan ṣeun. Ẹnì kan a máa gbéèyàn jìnnà."

Ọmọ náà gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó níwájú rẹ̀. "Bàámi, kí lẹ fẹ́ bi mí?"

Ọ̀nà là gbayawu. Ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àtijọ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ hàn, ara rẹ̀ ló lù. "Kò sí," ó wí.

Ọmọ náà fọwọ́ ra ojú. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ní ara yín ò yá. Ẹ má débẹ̀ rárá."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ṣáà fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Èjìká náà tún lọ sílẹ̀. Kóòṣì dìde, ó lọ wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nínú òkùnkùn ibẹ̀ ló ti pinnu ohun tó máa ṣe. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹni tó ń sá fún ọ, má lé e kiri. Gba gbogbo ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́, kí o tì í sí igun. Níbẹ̀ ni á ti fi ohun tó jẹ́ hàn. Bó bá jẹ́ pé ó ti ta òun, kí òun gbọ́ ọ lójú gbogbo ayé, kí ó sì tán. Irọ́ pípa nínú ilé ìdáná, níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń jókòó, òun kò ní lè fara dà á.

Nígbà tí Sátidé dé, gbọ̀ngàn ìlú kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n fi iná tan àwòrán náà sára ògiri, gbọ̀ngàn eré ńlá náà sì ń tàn yanran níbẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n gbé sáàárín ilé. Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní iṣẹ́ á wà, ó ní àlejò á wà, ó ní owó yíyá kì í ṣe gbèsè bí ó bá lọ́lá nínú. Onígbàjámọ̀ béèrè láti ẹ̀yìn pé ọlá ta ni, wọ́n sì ní kó jókòó. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, wo ìwé iwájú rẹ̀, ó sì pe Kóòṣì. Àtẹ́wọ́ sọ. Ojú rẹ̀ tó wà lára ògiri àti ojú rẹ̀ tó ń bọ̀ láàárín ìjókòó, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ló ń yí àwòrán tó ń hàn lára ògiri padà. Nígbà tó rí i pé bàbá òun gba máíkì, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Kóòṣì rí ìyẹn náà. Ó kà á mọ́ èyí tó ti rí.

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀," ó wí. "Ojú mi wà níta, ẹ ti rí i. Ẹ fi yàrá mi hàn mí."

"Kíá báyìí, bàbá!" Ẹlẹ́rìn-ín ti na ọ̀pá kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ wa, ẹ gbé ìsàlẹ̀ ilé náà wá. Ẹ ṣeun. Ẹ wò ó, òun rèé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì." Èjìká rẹ̀ kò mì.

Kóòṣì wò ó. Láti ibi tó dúró sí, gbogbo yàrá ló jọra. Ó yí ẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mi ò bi wọ́n. Ìwọ ni mò ń bi. Ìwọ lo ya ilé yìí, ìwọ lò ń wọ ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. Níwájú gbogbo èèyàn yìí: ṣé yàrá ẹ̀ṣẹ́ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó sọ yẹn, àwọn ènìyàn gbọ́ ọ; orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ìjókòó dé ìjókòó. Ọmọ náà dìde. Èjìká rẹ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòṣì múra de irọ́ náà, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, bí ọkàn ẹni tó ti ń retí ẹ̀ṣẹ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá rí i tó ń bọ̀.

"Rárá, bàámi," ọmọ náà wí.

"Kí ni?"

"Rárá. Ibi tí wọ́n á ti máa ta ọtí fáwọn tó bá ra ìjókòó olówó ńlá ni. Inú ilé ni ilẹ̀kùn ẹ̀ wà. Fọ́tò yín ni wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ yàrá yín kúrò." Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. "Mo dá a padà, wọ́n yọ ọ́. Mo tún dá a padà, wọ́n tún yọ ọ́. Mo lọ bẹ ọ̀gá yìí nínú ọkọ̀ wọn, torí wọn ò ráyè gbọ́ mi níbòmíràn. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Àná ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti rò ó tán."

Ariwo tó sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. "Mo wí i!" ni onígbàjámọ̀ ń pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó wí nìyẹn. Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń rẹ́rìn-ín, àfi pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí. Alága lu tábìlì títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní kò ní sí ìbò mọ́ títí wọn yóò fi tú gbogbo ètò náà yẹ̀ wò, àti àwòrán, àti owó. Lẹ́yìn náà ló gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì wo ọmọ náà.

"Ṣé o mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlú kì í tú ohun tó wà ní ọ́fíìsì síta bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Wọ́n bi mí ni."

Ọ̀gá rẹ̀ ti ń gba ẹ̀rọ tó fi ń yí àwòrán kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Níta, lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìlú, Kóòṣì sáré bá a. Àwọn ènìyàn ń gbá a lẹ́yìn bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n ń sọ pé Kóòṣì ti nà wọ́n lálùbolẹ̀. Kò gbọ́ wọn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ dá a padà kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó kúrò." Ọmọ náà kò wò ó. "Ohun tó ti kúrò nílé wa lọ́dún yìí tó, bàámi. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa mú ìròyìn òmíràn wá."

"Mo rí èjìká rẹ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti béèrè, èjìká rẹ á..."

"Èjìká mi?"

Ó wá yíjú sí i wàyí. Ojú rẹ̀ gbẹ, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba bàbá rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tá a ti sin màámi ni èjìká mi ti wà báyìí. Nílé, lọ́fíìsì, níbi tí mo bá ti ń fọ abọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo èjìká gbogbo ayé, ẹ ò rí i ni? Ẹ rò pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ lù?"

Kóòṣì na ọwọ́ sí i, ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Ẹ lè bi mí nílé ìdáná. Mo jókòó síwájú yín, mo ní kí lẹ fẹ́ bi mí. Ẹ ní kò sí."

Bọ́ọ̀sì dé. Ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó lọ sílé àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé lókè odò. Kóòṣì dúró síbi tó fi í sílẹ̀ sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń fa ojú rẹ̀ ya kúrò lára ògiri tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ náà máa jókòó sílé ná, láìgba owó oṣù, títí wọn yóò fi wádìí. Ìyẹn dun Kóòṣì, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀. Kóòṣì ń so okùn ojú ìjà le nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akànṣẹ́ méjì tó ń de bàtà.

"Ọmọ Kóòṣì jẹ níbẹ̀ o. Ṣé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀?"

"Bàbá ẹ̀ ká a mọ́ ni. Ìgbà tó rí i pé kò sọ́nà mọ́ ló pọ̀ ọ́. Kóòṣì ò gba gbẹ̀rẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀ ni!"

Ìyìn ni wọ́n rò pé àwọn ń yìn ín. Kóòṣì fi okùn náà sílẹ̀. Ó yé e nígbà náà pé kò sí ẹnì kan tó fura sí ọmọ náà nínú gbogbo ìlú, àfi onígbàjámọ̀ tí kì í gba òjò gbọ́, títí òun fi gba máíkì. Òun ló mú un dúró sójú ọ̀nà. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Òtítọ́ tí ọmọ náà sọ ti gba ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn là fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ bi í ló kù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹni tó da epo sílẹ̀ kì í ní kí ẹlòmíràn nù ún.

Ó ti gbọ̀ngàn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orígun ìlà ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fura sí i láìnídìí. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní òun ti gbọ́, ó sì ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó wọ ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó sọ ọ́ bákan náà. Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, "Bàbá dáadáa ní í bo ọmọ láṣìírí," ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ohun tó rò nípa ọmọ náà kò yí padà. Bó ti ń rìn lọ, ó ń rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò wúwo tó ti Sátidé. Kò sí máíkì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Onígbàjámọ̀ ló fi kẹ́yìn ní ìlà náà. Oníbàárà kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n ṣì gẹ.

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá," onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ bi í léèrè o, Kóòṣì, èmi kọ́. Bàbá tó fọkàn tán ọmọ ẹ̀, ṣé máíkì ló máa fi bá a sọ̀rọ̀?"

Oníbàárà náà tijú fún wọn, ó sì wolẹ̀.

"Mi ò fọkàn tán an," Kóòṣì wí. "Òótọ́ lo sọ. Ìyẹn ò wá sọ pé kò ṣeé fọkàn tán. Ọ̀tọ̀ ni tèmi, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ìwọ náà rí ọmọ kan nínú ọkọ̀ lo bá fi kún un. Gbogbo ẹni tó o ti sọ ti ọkọ̀ yẹn fún, padà lọ bá wọn, kó o sọ èyí náà."

"Gbogbo wọn? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó gẹrun lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà tírun ẹ̀ bá tó hù ló máa padà wá!"

Kóòṣì fa àga onígi tó wà lẹ́bàá ògiri, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà.

"Mo máa dúró dè é kó hù."

Onígbàjámọ̀ wo oníbàárà rẹ̀ nínú dígí, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Kò rí. "Ó dáa," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ó dáa, mo ti gbọ́. N ó sọ ọ́. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ ń lé èèyàn fún mi."

Lẹ́yìn náà ni Kóòṣì rí i pé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ni. Àpò aṣọ òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá mú aṣọ," ó wí. "Wọ́n ní ẹ ò sí ní gbọ̀ngàn, pé ẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo fẹ́, tèmi wà nínú ilé."

Kóòṣì yọ ọ́ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ọmọ náà gbà á, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Kí lẹ ń sọ fún wọn?"

"Pé o ò jẹ̀bi nǹkan kan. Pé èmi ni mo fura sí ẹ láìnídìí, tí mo sì dá ẹ dúró sójú ayé."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún aránṣọ?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Fún ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́?"

"Òun náà."

Ọmọ náà ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún èmi, bàámi."

Onígbàjámọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, pa ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀. Kóòṣì dìde kúrò lórí àga onígi náà. Ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí èyí tó dára tó. Ọgbọ́n tó ti fi ń jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ní ọ̀kan ṣoṣo tó lè yá a.

"Mo ṣì ẹ́ mú, ọmọ mi," ó wí. "Mo bá ẹ jà. Ó yẹ kí n bi ẹ́. Má bínú."

Ọmọ náà pa ọwọ́ dé mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà.

"Mo gbọ́," ó wí. Kò sọ pé ó ti tán, kò sì sọ ibi tí òun máa sùn lọ́jọ́ náà. Ó wo òdìkejì títì, níbi tí àwọn kan ti ń kó ọjà wọlé. "Ẹ ò tíì dé ìlà ọ̀hún. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ti fẹ́ ti tiẹ̀. Ẹ máa lọ."

Kóòṣì sọdá. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù alábàtà, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà kò wo òun. Ó ń wo ìta. Kóòṣì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lọ sílé. Ó dúró sórí pèpéle onígbàjámọ̀, níbi tí gbogbo ìlà ti lè rí i, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè wo ẹni tí wọ́n ń gbọ́ nípa rẹ̀ dáadáa.